Réèsì Kọ́ọ̀sì tó di TBS: ta ló ṣì mọ ìtàn ẹṣin tó ń sáré níbẹ̀?

ỌmọLáfíàjí
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti Ọjọ́bọ̀, mo ní kí n gbé e wá síbí ká jọ sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ní kí n wá pàdé àwọn ní Réèsì Kọ́ọ̀sì laago mẹ́wàá àárọ̀ ká jọ lọ gba ìwé kan. Láfíàjí ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo dàgbà sí, mo ti ń gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu àwọn àgbà láti kékeré àmọ́ mi ò béèrè rí pé ibo gan-an ni. Mo dé CMS, mo bi awakọ̀ dánfó kan, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n, mo bi èkejì, ó ní kí n lọ wò ó ní Súrùlérè bóyá ibẹ̀ ni. Gbogbo ìgbà yẹn bàbá ti dúró sínú oòrùn, fóònù wọn ò sì lọ. Nígbà tó wá lọ, wọ́n ní "abẹ́ ẹṣin funfun orí géètì mà ni mo wà, ibi tí ẹ̀yin ń pè ní TBS, Tafawa Balewa Square."

Mo sáré débẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n, wọn ò tiẹ̀ bínú. Wọ́n kàn fi ọ̀pá ọwọ́ wọn nà láti ọ̀nà King's College lọ títí dé apá Oníkan, wọ́n ní "gbogbo ibi tójú ẹ ká yìí, koríko ni nígbà tiwa. Ẹṣin ló ń sáré yí i po." Mo wo ilẹ̀ yẹn, kọnkéré, ṣọ́ọ̀bù, básì, àwọn tó ń ṣe fọ́tókópì. Mi ò lè ka iye ìgbà tí mo ti gba abẹ́ géètì yẹn kọjá láyé mi, kò sì sígbà kan tó sọ sí mi lọ́kàn pé ẹṣin tòótọ́ ti tẹ ibẹ̀ rí.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ ìtàn ẹ̀? Báwo lẹṣin ṣe dé àárín Èkó, ìlú omi? Kí ló fà á tí wọ́n fi dáwọ́ ẹ̀ dúró? Èmi sì ti ń rò ó pé torí ìrántí eré ẹṣin yẹn ni wọ́n ṣe gbé ẹṣin mẹ́rin sórí géètì, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Olùkọ́Ìtàn
Ẹ kú ọ̀rọ̀, ọmọ Láfíàjí. Ẹ bá mi kí bàbá o.

Ọdún 1859 ni Ọba Dòsùnmú yọ̀ǹda ilẹ̀ yẹn fáwọn Òyìnbó. Ẹ wo ọdún yẹn dáadáa. Èkó ò tíì di tiwọn nígbà yẹn, kọ́ńsù, ìyẹn aṣojú ìjọba wọn, ni wọ́n ní níbí. Ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ ọdún 1861 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú kí Ọba fọwọ́ síwèé pé òun fi ìlú sílẹ̀ fún wọn, tí ọkọ̀ ogun tó ń jẹ́ Prometheus sì dúró sójú ọ̀sà, tí ọ̀gá ẹ̀ ń halẹ̀ pé tí Ọba ò bá fọwọ́ sí i, àgbá á dún. Ìyẹn ni pé kí ìlú tó bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ni pápá ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Mo máa ń sọ fáwọn ọmọ kíláàsì mi pé kí wọ́n fi ọdún méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ẹ̀yìn ìlú pátápátá ni ibẹ̀ nígbà náà o. Ọba ńkọ́, Ìsàlẹ̀ Èkó ló wà. Àwọn Sàró tó ti Sierra Leone dé wà ní Olówógbowó, àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé wà ní Pópó Àgùdà, ẹ̀yìn tiwọn ló wá di gbalasa, tẹ́ ẹ bá sì kọjá gbalasa yẹn, Ìkòyí tó jẹ́ igbó àti oko ló kù. Ìlú ló wá bá pápá níbi tó wà. Ọdún 1909 ni King's College dé sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀.

Ti ẹṣin orí géètì, ẹ má bínú, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Inú àmì orílẹ̀-èdè wa ni wọ́n ti mú wọn. Ẹṣin funfun dúró fún iyì, idì pupa dúró fún agbára. Ẹṣin méjì àti idì kan ló wà lára àmì yẹn, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ka ti géètì, ẹṣin mẹ́rin ni, idì sì jẹ́ méje. Ẹṣin tó sáré níbẹ̀ kọ́ ni wọ́n gbẹ́ síbẹ̀.

ỌmọLáfíàjí
Háà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí o, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. Èmi ti fọkàn sí i pé ó kéré tán wọ́n fi nǹkan kan ṣèrántí.

BàbáÌgbòṣèrè
Ẹ ṣé é, ọmọ mi olùkọ́, o káre. Ọdún 1948 ni wọ́n bí èmi tó ń kọ èyí, ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́, tó bá ní àṣìṣe ẹ fojú fò ó. Ilé wa ò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí pápá yẹn.

Tó bá di ọjọ́ eré, ìró ẹṣin ló máa ń jí wa. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni àwọn tó ń tọ́jú wọn máa ń fà wọ́n kọjá kí oòrùn tó mú, pátákò wọn á máa dún lórí ọ̀dà, kò kò kà, kò kò kà, àwa ọmọdé á ti sáré síta láìfọ ojú. Wọ́n máa ń fi aṣọ bo ẹ̀yìn ẹṣin, orúkọ ẹṣin sì wà lẹ́nu gbogbo wa, kò sí ọmọ àdúgbò wa tí ò ní ẹṣin tiẹ̀ tó ń fẹ́ kó borí, bó ṣe rí fún ẹ̀yin àti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù yín báyìí.

Àwọn Òyìnbó àti àwọn olówó dúdú a jókòó síbi tó ní òrùlé. Àwọn ìyá wa á wọ aṣọ, wọ́n á wé gèlè, bí ìgbà tí wọ́n ń lọ òde. Àwa tí ò lówó, irin funfun tó yí pápá ká la máa ń fọwọ́ lé, tàbí ká gun igi. Ẹ gbọ́, wàá kọ́kọ́ gbọ́ ọ kó o tó rí i. Ilẹ̀ á máa mì gìrìgìrì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ, o ò tíì rí ẹṣin kankan, àyà rẹ á ti máa lù. Lójijì wọ́n á yọ, gbogbo wọn pa pọ̀, eruku, òógùn, ìfófòó ẹnu wọn, aṣọ àwọn jọ́kì tó gùn wọ́n, pupa, yẹ́lò, búlúù, kí o tó pa ojú dé wọ́n ti lọ.

Mo rí ọ̀kan tí mi ò lè gbàgbé, màá tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá. Ẹṣin kan gbé jọ́kì ẹ̀ ṣubú ní kọ́nà. Ọkùnrin náà dìde ní tiẹ̀, kò ṣe é nǹkan kan, àmọ́ ẹṣin ò dúró. Ó ń sáré lọ pẹ̀lú gàárì òfìfo, ìjánu ń fì sọ́tùn-ún fì sósì, ó ń lé àwọn tó kù bọ̀, ó bá wọn, ó kọjá wọn, ó sì gba ibi tí eré ti parí kọjá níwájú gbogbo wọn. Ariwo tó sọ níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mi ò tíì gbọ́ irú ẹ̀ mọ́. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jà títí ilẹ̀ fi ṣú, ó ní ẹṣin náà borí, mo ní ẹṣin tí ò ní ẹni lórí ò lè borí. Àwọn àgbà ní ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré, ọjọ́ yẹn ni mo rí ẹṣin tí ò wo ẹnì kankan.

Ẹ̀bútéMẹ́taNiMí
Bàbá, ẹ ṣé é sà. Ṣe lara mi bù máṣọ.

Ẹ jẹ́ n dá sí ti bí ẹṣin ṣe ń dé Èkó torí iṣẹ́ réluwé ni bàbá bàbá mi ṣe láyé ẹ̀. Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti ọ̀dọ̀ tiwa ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, ọdún 1901 ó ti ń ná Ìbàdàn, ọdún 1912 ọkọ̀ ojú irin ti ń ti Èkó dé Kánò. Ọdún 1901 yẹn kan náà ni wọ́n ṣí bírí́jì Carter tó so Ìdó pọ̀ mọ́ Erékùṣù. Ẹ wá fojú inú wò ó bó ṣe rí kó tó dìgbà yẹn. Ẹṣin tó bá máa dé Èkó, ẹsẹ̀ ló máa fi rìn láti òkè ọya tàbí Ìlọrin, ó sì tún máa wọ ọkọ̀ ojú omi kó tó dé Erékùṣù. Ìgbà tí ojú irin dé ló wá rọrùn.

Ohun tí bàbá mi sọ fún mi pé bàbá wọn máa ń sọ ni pé ọkọ̀ tó kó ẹṣin kì í fi ẹṣin nìkan dé. Ọmọkùnrin kan máa ń wà nínú wágọ̀nù pẹ̀lú wọn láti òkè wá, á tẹ́ ẹní sínú koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin, á máa bá a sọ̀rọ̀ ní Haúsá lóru tí ọkọ̀ bá ń mi ín. Tí wọ́n bá sọ̀ ní Ìdó, wọn kì í gba bírí́jì kọjá lọ́sàn-án, torí ìró irin àti omi tí ẹṣin ń rí nísàlẹ̀ máa ń bà á lẹ́rù, òru ni wọ́n ń fà á kọjá, wọ́n á fi aṣọ bò ó lójú. Bàbá ní àwọn ọmọkùnrin yẹn kì í fẹ́ fi ẹṣin wọn sílẹ̀ fẹ́lòmíì, wọ́n á bá a débi tó ń lọ gan-an. Ọ̀pọ̀ wọn ò sì padà sílé mọ́, Ọbáléndé ni wọ́n jókòó sí, níbi táwọn Haúsá tó jẹ́ sójà àti ọlọ́pàá ti wà tẹ́lẹ̀.

DókítàẸran
Iṣẹ́ mi ni ìtọ́jú ẹran, torí náà ohun tí ọmọ Láfíàjí bi yẹn, "báwo lẹṣin ṣe dé ìlú omi", òun gan-an ni ìbéèrè.

Ẹṣin ò fẹ́ràn ilẹ̀ wa tó wà nísàlẹ̀ yìí. Eṣinṣin tsetse ló fà á. Tó bá bu ẹṣin jẹ, á gbin kòkòrò kan tí ojú ò lè rí sínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Ẹṣin náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ bó tilẹ̀ ń jẹun, ara ẹ̀ á máa gbóná, á máa rọlẹ̀, ojú ẹ̀ á máa ṣomi, abẹ́ ikùn àti ẹsẹ̀ ẹ̀ á wú, tí wọn ò bá tọ́jú ẹ̀ á kú. Igbó tó ṣú tó sì tutù leṣinṣin yẹn fẹ́ràn. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará Ọ̀yọ́ ayé àtijọ́, tó jẹ́ pé ẹṣin ni wọ́n fi ń jagun, fi lágbára gan-an ní ilẹ̀ ọ̀dàn, àmọ́ tí ẹṣin wọn kì í pẹ́ tó bá wọ igbó. Láti òkè ni wọ́n ti ń rà á, wọ́n á sì tún rà á sí i torí èyí tó ń kú.

Ẹ wá wo Èkó. Ibi tí wọ́n bá ti ṣán igbó kúrò, tí ilé ti pọ̀, eṣinṣin yẹn á dín kù. Pápá tó mọ́ gbalaja létí ọ̀sà, tí afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ sí, ó dáa fún ẹṣin ju ọ̀pọ̀ ibi tó wà láàárín Èkó sí Ìbàdàn lọ. Àmọ́ ìwọ̀nba ni ẹṣin máa ń bí lọ́dọ̀ wa, òkè ni ti tuntun ti gbọ́dọ̀ máa wá. Ti oúnjẹ náà ńkọ́. Ẹṣin eré ò lè fi koríko Èkó nìkan sáré, ó ní láti jẹ ọkà bàbà, ó ní láti jẹ ewé ẹ̀pà gbígbẹ, òkè náà nìyẹn ti ń bọ̀. Títí di òní, àwọn ẹṣin tí ẹ ń rí ní Ẹlẹ́gúṣì àti Onírù létí òkun, táwọn ọmọ ń sanwó gùn, ohun tí wọ́n ń jẹ nìyẹn. Mo ti tọ́jú nínú wọn. Wọ́n sábà máa ń gbẹ, ìnira gàárì tí ò bá wọn lẹ́yìn mu sì pọ̀, egbò á wà níbẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ bò. Mo bẹ yín, tẹ́ ẹ bá fẹ́ gùn ún, ẹ kọ́kọ́ ká aṣọ yẹn kẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀.

ÈkóTòde
Ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀yin àgbà, ohun tó wà lọ́kàn mi ni mo fẹ́ sọ. Tẹ́tẹ́ ni wọ́n ń ta níbẹ̀ ṣebí? Òyìnbó gba ilẹ̀ Ọba wa, wọ́n fi ń ṣeré, àwọn èèyàn wa dúró sínú oòrùn wọ́n ń náwó sórí ẹṣin. Tí ìjọba tiwa bá wá gbà á padà tó fi ṣe gbàgede tí gbogbo Nàìjíríà lè pé jọ sí, kí ló burú níbẹ̀? Èmi ò rí ìdí tá a fi ń sunkún ẹ̀.

ÌyáÌbejìSúrùlérè
Àbúrò mi, mo gbọ́ ẹ, ọ̀rọ̀ ẹ ò burú. Àmọ́ jẹ́ n sọ tèmi fún ẹ.

Ìyá ìyá mi ta àkàrà níbẹ̀. Kì í ṣe ojoojúmọ́ o, ọjọ́ eré. Wọ́n ní láti ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n ti máa ń rẹ ẹ̀wà, wọ́n á lọ lọ ọ́ ní òru, ibi tí wọ́n máa ń jókòó sí ò jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń wọlé. Àwọn tó bá jẹ tẹ́tẹ́ a ra àkàrà sísì lẹ́ẹ̀kan náà fún gbogbo ẹni tó tẹ̀ lé e, ẹni tó bá pàdánù á ra ti tọ́rọ́ yóò sì jẹ ẹ́ ní ìdúró láìsọ̀rọ̀. Ìyá mi ní ìyá àwọn máa ń mọ ẹni tó jẹ àti ẹni tí ò jẹ láti ara ọwọ́ tí wọ́n fi na owó. Owó ọjọ́ kan yẹn máa ń ju ti ọ̀sẹ̀ kan lọ. Nínú ẹ̀ ni wọ́n ti san owó ilé-ìwé ìyá mi, nínú ẹ̀ ni wọ́n ti ra ẹ̀rọ ìránṣọ tí ìyá mi fi kọ́ṣẹ́, ẹ̀rọ yẹn ṣì wà nílé mi ní Súrùlérè níbi, ó ṣì ń ránṣọ.

Òyìnbó ló dá eré yẹn sílẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ tó o bá ní tiwọn nìkan ni, ìyá ìyá mi ńkọ́? Àwọn ọmọ Haúsá tó sùn ti ẹṣin wọn ńkọ́? Bàbá tó wà lórí igi yẹn ńkọ́? Àwọn náà ló ni ín.

ÈkóTòde
Ẹ ṣé é mà. Mo gbà. Ojú yẹn kọ́ ni mo fi wò ó tẹ́lẹ̀.

Olùkọ́Ìtàn
Ohun tí ÈkóTòde sọ ní òtítọ́ kan nínú tá ò gbọ́dọ̀ fò kọjá, torí ibẹ̀ gan-an la ti gba òmìnira. Lóru ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹsàn-án mọ́jú ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1960, pápá ẹṣin yẹn ni wọ́n ti sọ àsíá Ìlú Ọba kalẹ̀ tí wọ́n fi tiwa gòkè. Ọmọbìnrin ọba tó ń jẹ́ Alexandra ló ṣojú fún Ọbabìnrin, òun ló gbé ìwé òmìnira lé Abubakar Tafawa Balewa lọ́wọ́. Àsíá yẹn, Taiwo Akinkunmi ló ya á nígbà tó ń kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ya oòrùn pupa sáàárín funfun, wọ́n yọ ọ́, aláwọ̀ ewé, funfun, aláwọ̀ ewé ló kù. Bàbá náà dolóògbé lóṣù Kẹjọ ọdún 2023.

Ilẹ̀ tí Ọba Dòsùnmú yọ̀ǹda ní 1859 ni wọ́n ti dá ìlú padà fún wa ní 1960. Ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún ló wà láàárín méjèèjì.

BàbáÌgbòṣèrè
Mo wà níbẹ̀ lálẹ́ yẹn. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí, ọrùn bàbá mi ni àbúrò mi wà, èmi dúró lórí àpótí tí a gbé láti ilé. Wọ́n pa iná. Gbogbo pápá ṣókùnkùn, ogunlọ́gọ̀ èèyàn, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀, mo ń gbọ́ èémí bàbá mi. Nígbà tí iná tàn padà, àsíá tuntun ló wà lókè. Bàbá mi ò pariwo bí àwọn tó kù. Wọ́n kàn ń sọ "ó ṣojú mi, ó ṣojú mi" ní ohùn ìsàlẹ̀.

Kí n tó gbàgbé, ohun tí mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àpótí, koríko pápá ẹṣin kan náà ni. Ìrì ti sẹ̀ sórí ẹ̀.

Ẹ̀bútéMẹ́taNiMí
Ẹ dákun bàbá, ìgbà wo ni wọ́n wá da kọnkéré bò ó?

BàbáÌgbòṣèrè
1972. Mo rántí dáadáa torí ọdún yẹn náà ni wọ́n yí ọwọ́ ọkọ̀ padà, ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin, tí gbogbo wa kúrò ní ọwọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, mo ti ń wakọ̀ nígbà yẹn. Ìjọba Gowon ni. Ogun abẹ́lé ti parí ní 1970, ìjọba lówó epo lọ́wọ́, wọ́n fẹ́ ibi ńlá tí sójà á ti máa yan lọ́jọ́ òmìnira. Mi ò bá wọn jà sí i. Ìlú tó ń dàgbà nílò gbàgede. Wọ́n fi orúkọ Balewa sọ ibẹ̀, ọkùnrin tó gbàwé òmìnira níbẹ̀ tí wọ́n sì pa á ní oṣù Kìíní ọdún 1966, ó yẹ ẹ́.

Èyí tó ń dùn mí ni pé wọn ò fi ẹyọ ọ̀pá irin funfun kan sílẹ̀. Kò sí ẹyọ kan. Ẹ wo gbogbo ilẹ̀ yẹn, wọ́n ní ó lé ní éékà márùndínlógójì, kò sígun kan tí ọmọdé lè dé tí á fi rí i kà pé ẹṣin sáré níbí.

Agbẹjọ́rọ̀Èkó
Ẹ jẹ́ n wọlé díẹ̀. Kóòtù Ìgbòṣèrè ni mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀kánkán TBS, ẹ sì rántí pé wọ́n jó o lóṣù Kẹwàá ọdún 2020, fáìlì tí èèyàn ti kó jọ láti ọjọ́ pípẹ́ jóná mọ́ ọn. Ṣáájú ìyẹn, lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó Ilojo Bar ní Tinúbú, ilé Àgùdà tí ìjọba ti kéde pé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni láti 1956. Pẹ̀lú òfin, pẹ̀lú àkọlé lára ògiri, wọ́n ṣì wó o. Torí náà nígbà tí bàbá sọ pé wọn ò fi ẹyọ ọ̀pá kan sílẹ̀, ó yé mi dénú egungun.

Àmọ́ ẹ̀yin èèyàn mi, nǹkan kan ṣì wà. Pápá kíríkẹ́ẹ̀tì. Nígbà eré ẹṣin wọ́n máa ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì àti bọ́ọ̀lù sáàárín pápá náà, tí ẹṣin á máa sáré yí i ká. Kíríkẹ́ẹ̀tì ò lọ. Ó ṣì wà ní TBS títí di báyìí, orílẹ̀-èdè mìíì ń wá bá wa gbá a níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí koríko tó kù ní Réèsì Kọ́ọ̀sì, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ.

DókítàẸran
Ó ṣe é gbé síwájú ìjọba ìpínlẹ̀ tàbí àwọn tó ń bójú tó gbàgede náà. Àkọlé kan péré, lédè Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì: ẹṣin sáré níbí láyé Ọba Dòsùnmú títí di 1972, ibí la ti gba òmìnira. Mo mọ̀ pé ẹgbẹ́ pólò ní Ìkòyí ti wà láti 1904, wọ́n ṣì ní ẹṣin, àwọn náà á lè bá wa dá sí i.

Olùkọ́Ìtàn
Èmi á kọ ọ̀rọ̀ tó máa wà lára ẹ̀, tí bàbá bá máa bá mi kà á kí n tó fi ránṣẹ́. Kí á má kọ "títí di 1972" o, ká kọ "kí ó tó di gbàgede ní 1972", òun ló dá wa lójú.

ÌyáÌbejìSúrùlérè
Ẹ fi àwọn alákàrà kún un. Mi ò ṣàwàdà.

Olùkọ́Ìtàn
Ó ti wọlé mà. "Àwọn tó tọ́jú ẹṣin àti àwọn tó ń tajà níbẹ̀." Ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn?

ÌyáÌbejìSúrùlérè
Ó tẹ́ mi lọ́rùn. Olúwa á bù kún yín.

ỌmọLáfíàjí
Mo ti ka gbogbo ẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n bàbá mi létí lálẹ́ àná látòkè délẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi ẹṣin tí ò ní jọ́kì, wọ́n ní kí n dúró, wọ́n ní kí n tún un kà. Wọ́n ní àwọn náà gbọ́ ariwo yẹn láti ojúlé àwọn lọ́jọ́ náà, wọ́n ní kí àwọn dúró sílé torí ibà, àwọn ò lè lọ, ọ̀la ẹ̀ làwọn tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní ó ti ń dun àwọn látìgbà yẹn.

Sátidé tó ń bọ̀ mo fẹ́ gbé wọn lọ sí pápá kíríkẹ́ẹ̀tì yẹn kí wọ́n fẹsẹ̀ tẹ koríko. Bàbá Ìgbòṣèrè, ẹ jọ̀ọ́ sà, tí a bá débẹ̀, apá ibo ni kọ́nà tí jọ́kì ti ṣubú?

BàbáÌgbòṣèrè
Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ King's College wọlé, kẹ́ ẹ kẹ́yìn sí Catholic Mission Street, kẹ́ ẹ kọjú sí Oníkan. Igi wa wà lẹ́yìn yín níbẹ̀, lápá òsì. Láti orí igi, ọwọ́ ọ̀tún ni mo nà sí i lọ́jọ́ yẹn. Tí ẹ bá ti dúró, ẹ pè mí lórí fóònù kẹ́ ẹ sọ ohun tí ẹ ń rí fún mi, màá máa júwe ẹ̀ fún un yín bọ̀. Aago mélòó lẹ máa débẹ̀?

ỌmọLáfíàjí
Aago mẹ́wàá sà. Wọ́n ní ká tètè dé kí oòrùn tó mú.